Ronnie Biggs, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ ojú irin

Tí a bá ń sọ ìtàn adigunjalè tó lókìkí, ti Oyènúsì àti Anini ni gbogbo yín máa ń sọ. Olè òyìnbó ni tèmi: Ronnie Biggs, ọ̀kan lára àwọn tó ja ọkọ̀ ojú irin lólè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Ronnie Biggs fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé láti Brazil, oṣù karùn-ún 2001. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu tíì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkùnrin ni. Ẹni tó fi àkàbà okùn fo ògiri ẹ̀wọ̀n Wandsworth ní 1965, tó já sórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń dúró dè é, tó sì jẹ ayé fún nǹkan bí ọdún 36!

Bàbá òyìnbó kan tó ti ń wakọ̀ ojú irin tipẹ́ gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ta ló mọ orúkọ awakọ̀ tí wọ́n jà lólè. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ó ní Jack Mills ni.

Ló bá tú u palẹ̀. Òru ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1963, ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà àti owó bọ̀ láti Glasgow. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ bo iná aláwọ̀ ewé tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀, wọ́n so bátìrì mọ́ pupa kó lè tàn. Mills rí pupa, ó dúró, wọ́n gorí ọkọ̀, wọ́n la irin mọ́ ọn lórí. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ Biggs ò ju pé kó mú awakọ̀ arúgbó kan wá, tí yóò wa ọkọ̀ náà dé ibi afárá tí wọn yóò ti já owó. Arúgbó dé ìdí ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ ọ́n wà! Bàbá yìí na ọwọ́ sórí tábìlì bíi pé bíréèkì ló dì mú, ó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gùn kó sì máa lọ. Mills tí ẹ̀jẹ̀ bò lójú náà ni wọ́n tún ní kó wà á.

Owó náà lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ pọ́n-ùn. Nǹkan bí £147,000 kan Biggs, fún iṣẹ́ tí kò yọrí. Ìtẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n bá lára ìgò kẹ́ṣọ́ọ̀pù ló tú u fó. Ọdún 30 ni wọ́n fún un, kò lò ju oṣù 15 lọ tó fi sá. Nígbà tí ọlọ́pàá bá a ní Rio ní 1974, olólùfẹ́ rẹ̀ ti lóyún, òfin ibẹ̀ ò sì jẹ́ kí wọ́n lé bàbá ọmọ Brazil lọ. Ó wá ń ta ẹ̀wù fún àwọn àlejò tó wá wò ó. Mills ní tirẹ̀ kú ní 1970. Àìsàn mìíràn ló pa á, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ ní ara rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́ láti òru náà.

Màmá Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń gbálẹ̀ ní ká ní ilé ni, Bar Beach, níbi tí wọ́n ti máa ń yìnbọn pa adigunjalè nígbà náà, ni wọn ì bá gbé gbogbo wọn lọ. Irọ́ kọ́, òfin ológun 1970 kì í bi adigunjalè bóyá ó pààyàn. Mo ní, "Màmá, wọn ò yìnbọn o."

Wọ́n ní, "Ṣé orí igi ni wọ́n la irin mọ́ ni?"