Ta ló ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ológun láìní bàbá ìsàlẹ̀?

Ajórin_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ìjórin kan ní Ìbàdàn, àwa 17 la sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo rí ìpolówó kan nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe ibùsùn onírin fún bárékè. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń béèrè ta ni bàbá ìsàlẹ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà yìí rí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìyá_Aláṣọ:
Àbúrò, èmi kò gbà á tààrà. Ọwọ́ ẹni tí ó gba iṣẹ́ ni mo ti rí tèmi. Ní 2019, agbaṣẹ́ṣe kan kó aṣọ tí wọ́n ń fi bo fóòmù fún mi láti rán, 1,200. Lọ́jọ́ tí a kó wọn dé, ológun tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù fa ọ̀kan yọ láàrin òkìtì, ó fi rúlà lé ojú rírán rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú abẹ́rẹ́. Mẹ́jọ ló bá nínú íńṣì kan, bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ni ìwé iṣẹ́ sọ. Kò pariwo, kò sì béèrè kọ́bọ̀. Ó kàn ní kí n kó 340 tó rí bẹ́ẹ̀ padà sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ti yí ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi tú wọn tí a sì tún wọn rán ní Abẹ́òkúta, owó epo jẹnẹrétọ̀ nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè mi tán. Síbẹ̀, ọkùnrin yẹn gan-an ló júwe mi fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn lọ́dún kejì, ó ní aláṣọ kan wà tí kì í jiyàn.

Kò-sí-ìbẹ̀rù:
Ṣé kò béèrè kọ́bọ̀ lóòótọ́, àbí ẹ kò fẹ́ sọ ọ́ níbí ni?

Ìyá_Aláṣọ:
Ọmọ mi, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gba owó lọ́wọ́ mi, kí ni yóò bà mí lẹ́rù láti sọ ọ́?

Akọ̀wé_Àbújá:
Bàbá ìsàlẹ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀ wa, ìwé ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi to ìwé tí a fi ń du iṣẹ́ ìjọba fún ilé-iṣẹ́ àga kan. Yàtọ̀ sí ìwé CAC, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, àti ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, wọn yóò béèrè ti PenCom (owó ìfẹ̀yìntì), ti ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), ti NSITF (owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá farapa), ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ BPP, àjọ tó ń bójú tó ohun tí ìjọba ń rà, àti ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́. Ti PenCom, ITF àti NSITF máa ń kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, bí ẹ tilẹ̀ gbà á ní oṣù Kọkànlá, nítorí náà ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ìpolówó jáde kí ó tó lọ wá wọn ti pẹ́. Ajórin, ẹ̀yin 17 yẹn, PenCom kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 mú ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15.

Lẹ́yìn náà, àpò ìwé méjì ni ẹ ó dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún bí ẹ ó ṣe ṣe iṣẹ́, èkejì fún iye owó. Mo mọ ẹnì kan tí ó fi iye owó sínú àpò àkọ́kọ́ nítorí pé èkejì ya, ó sì pàdánù iṣẹ́ náà. Èmi náà, ní 2016, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo dé ibi àpótí tí à ń ju ìwé sí, ilẹ̀kùn ti tì, wọ́n sì dá ìwé mi padà láìtú u.

Ọmọ_Lọ́kọ́ja:
Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Mo bá ọ kẹ́dùn, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Akọ̀wé_Àbújá:
Rẹ́rìn-ín o, ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Kò-sí-ìbẹ̀rù:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òfin 2007 lórí ohun tí ìjọba ń rà de àwọn ológun. Abala 15 ti yọ ohun àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè kúrò nínú rẹ̀, àfi bí Ààrẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Amòfin_Àkúrẹ́:
Ẹ ka abala náà dáadáa, "ohun àkànṣe" ló sọ. Ọkọ̀ tí ọta kò lè wọ̀, irú èyí tí Proforce ń ṣe ní Òde-Rẹ́mọ, a lè pè é bẹ́ẹ̀, títí kan ohun ìjà tí DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba, ń ṣe ní Kàdúná láti 1964. Ṣùgbọ́n ibùsùn onírin? Ẹni tí ó bá fi abala 15 bo ibùsùn mọ́lẹ̀ ní ohun mìíràn tí ó fẹ́ bò. Àṣẹ tí Ọ̀ṣínbàjò fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí adelé Ààrẹ ní oṣù Karùn-ún 2017 tilẹ̀ ní kí ó kéré tán 40% nínú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ń ra nǹkan lọ sórí ohun tí a ṣe nílé, ó sì dárúkọ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà.

Kò-sí-ìbẹ̀rù:
Orí ìwé ni ẹ ti rí i. Ṣé ẹ ti rí bàtà Àbá lẹ́sẹ̀ ológun rí?

Ọmọ_Lọ́kọ́ja:
Èmi ti rí i. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Zaria wọ̀ ọ́ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ṣí.

Kò-sí-ìbẹ̀rù:
Ẹ gbọ́ o, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí.

Ọmọ_Lọ́kọ́ja:
Lẹ́yìn ọdún méjì ni! Ti òkè òkun tí ó wọ̀ ṣáájú kò pé ọdún kan.

Bàbá_Maryland:
Ìbọ̀wọ́ àti ohun ìmọ́tótó ni mo ń tà níbí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà kan kọ́kọ́ dé ilé mi pé kí n san 600 dọ́là kí orúkọ mi lè wà lórí SAM.gov, níbi tí ẹni tó fẹ́ tajà fún ìjọba ti ń forúkọ sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí káàdì kí ìyàwó mi tó ní kí n dúró. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Ọ́fíìsì APEX Accelerators, tí wọ́n ń pè ní PTAC tẹ́lẹ̀, tó ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti tajà fún ìjọba, ló jókòó tì mí láìgba nǹkan kan. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń dá iye owó lé ohun kéékèèké lórí DIBBS, ojú òpó tí DLA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń ra ẹrù fún àwọn ológun, kí wọ́n tó gba tèmi: páálí ìbọ̀wọ́ 48, tí owó rẹ̀ kò tó 3,000 dọ́là. Mo tún lẹ àmì páálí sí ibi tí kò yẹ, mo sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó mi wọlé kí oṣù tó pé.

Kò-sí-ìbẹ̀rù:
Kí oṣù tó pé! Bàbá, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú wa.

Ọ̀ṣun_Onígi:
Ọ̀rọ̀ owó yìí ló mú mi dá sí i. Mo kó tábìlì àti àga lọ fún àwọn ológun, wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, mo sì dúró fún oṣù mẹ́rìnlá. Owó èlé ni mo fi ra gbogbo pákó náà. Mo ta ọkọ̀ Hilux mi láti fi san án, owó iṣẹ́ wá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo tà á. Títí di òní, bí mo bá rí ọkọ̀ náà lójú títì Òṣogbo, mo máa ń wo ibòmíràn.

Amòfin_Àkúrẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ gidi gan-an. Abala 37 òfin 2007 kan náà sọ pé owó tí ó bá lé ní ọgọ́ta ọjọ́ ti pẹ́, èlé sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọ̀ṣun_Onígi:
Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò lọ béèrè èlé lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣì fẹ́ kí ó fún òun níṣẹ́?

Ajórin_Ìbàdàn:
Ṣé kò sí owó àkọ́san rárá ni?

Akọ̀wé_Àbújá:
Òfin 2007 gbà kí wọ́n san díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mú onídùúró wá, báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Báńkì náà yóò sì béèrè ohun tí ẹ ó fi dógò.

Ìyá_Aláṣọ:
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá agbaṣẹ́ṣe ṣe é, kì í ṣe ìjọba. Ààbọ̀ owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi kí àlùmọ́gàjí mi tó kan aṣọ.

Amòfin_Àkúrẹ́:
Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí ìjọba bá sanwó fún un kí ó tó san ìyókù fún yín.

Ajórin_Ìbàdàn:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yẹ àpótí ìwé mi wò: kò sí PenCom, kò sí ITF, ọjọ́ 19 ló sì kù. N kò ní bá wọn du eléyìí, n ó wá ẹni tí ó bá gbà á, kí n bá a jó irin rẹ̀.

Ìyá_Aláṣọ:
Báwo ni wọ́n ṣe ní kí páìpù ẹsẹ̀ ibùsùn náà nípọn tó?

Ajórin_Ìbàdàn:
Mílímítà méjì, Mà. Èyí tí mo ní nílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀.