Ta ni abẹ́rẹ́ oògùn olóró ti kó àrùn ẹ̀jẹ̀ bá nínú ilé rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà, mo kí yín. Ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi fi ń gún oògùn olóró sínú iṣan kí a tó mọ̀, ìgbà tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, mẹ́dọ̀wú irú C ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti dé bá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Ìyá Ìbejì, Ìlódè
Kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi búra pé òun kò lo abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn rí, òótọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n ṣíbí kan náà ni àwọn mẹ́rin fi ń po oògùn, omi kan náà ni wọ́n fi ń ṣan abẹ́rẹ́, òwú kan náà ni wọ́n sì fi ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Mo bá òwú náà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́: ó le bí èépá ojú egbò, ó sì ní àmì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò tilẹ̀ lè rí ti tó láti gbé mẹ́dọ̀wú dé ara ẹlòmíràn.

Ọmọ Obòkun
Ìyá Ìbejì, ibi tó ń dùn mí ni ẹ fọwọ́ kàn. Wọ́n bí fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ mi. Pentazocine ni wọ́n máa ń gún fún mi nígbà tí egungun bá ń ro mí, títí ara mi fi ń bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ro mí. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra sìríńjì ní kẹ́míìsì kan ní Iléṣà. Ọkùnrin náà wo apá mi, ó ní òun kì í tà á fún irú wa. Mo padà sílé, mo lo èyí tí ọ̀rẹ́ mi fi sábẹ́ ẹní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ojú mi pọ́n, ìtọ̀ mi pọ́n, a ń mu àgbo ibà, àṣé mẹ́dọ̀wú irú B ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún irú B. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí.

Bàbá Olùkọ́
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Síbẹ̀, mi ò rí ẹ̀bi ọlọ́jà náà. Kí a máa ta sìríńjì fún ẹni tó ń joògùn kò yàtọ̀ sí kí a da epo sínú iná.

Ọmọ Obòkun
Bàbá, iná náà kò kú nígbà tó kọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo gún un.

Oníkẹ́míìsì, Sábó
Bí Bàbá ṣe wí ni èmi náà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo kà nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010 pé kòkòrò mẹ́dọ̀wú C lè wà láàyè nínú sìríńjì tó ọjọ́ 63 ni mo yí padà. Mo ń tà á, mi ò sì ń wo apá ẹnikẹ́ni.

Adé
Ọjọ́ 63, nínú ooru Ifẹ̀ yìí? Mi ò gbà.

Oníkẹ́míìsì, Sábó
Lóòótọ́, ooru máa ń dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Sìríńjì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ ni ó ń pẹ́ sí jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sí ọrùn rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́
Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Ilé-Ifẹ̀
Ṣé irú C yìí ṣeé wò?

Àbẹ̀kẹ́
Ó ṣeé wò pátápátá. Oògùn oníhóró ni ọkọ mi lò fún ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ń wo ju ènìyàn 95 lọ nínú 100. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yóò ṣì máa sọ pé àrùn wà kódà lẹ́yìn ìwòsàn, nítorí náà, ẹ bèèrè èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Kí wọ́n yẹ HIV wò pẹ̀lú, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Tí ó bá sì padà sídìí abẹ́rẹ́ àjùmọ̀lò, ó lè tún kó o.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Ilé-Ifẹ̀
Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá wọn yóò béèrè lójú gbogbo ènìyàn ohun tó ń fi apá rẹ̀ ṣe. Mo ní èmi yóò bá a wọlé. A ń lọ ní ọjọ́ Ajé.