Ẹ̀dọ̀ adìyẹ kì í dúró lórí ìwọ̀, kí la lè ṣe sí i?

Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀:
Ẹ̀yin àgbà apẹja, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń lọ ju ìwọ̀ sódò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tọ́wọ́ bá dilẹ̀ ní Sátidé, àrọ̀ ni mò ń wá, wọ́n sì ní kò sóhun tí àrọ̀ fẹ́ràn tó ẹ̀dọ̀ adìyẹ, òótọ́ ni ṣá torí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń wá síbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ yẹn ti rọ̀ jù, bí mo bá ju ìwọ̀ báyìí, ẹ̀dọ̀ á fò lọ lọ́tọ̀, ìwọ̀ á lọ lọ́tọ̀. Èyí tó bá tiẹ̀ balẹ̀ sómi, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á ti tọ́ ọ jẹ tán kí ẹja gidi tó dé, ìwọ̀ òfìfo ni n ó fà jáde. Ekòló ò wù mí lò torí epìyà kéékèèké ló ń gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ má ní kí n lọ ra ìjẹ òyìnbó o, owó ò sí.

Bàbá Oníwọ̀ọ̀:
Iyọ̀ ni. Gé ẹ̀dọ̀ yẹn tó orí àtàǹpàkò lálẹ́, tò ó sínú ike, wọ́n iyọ̀ lé e, má ṣahun, kó sùn nínú fíríìjì. Tó bá fi máa dàárọ̀ wàá rí i tí omi pupa ti sun sílẹ̀ nídìí ike, da ìyẹn nù, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ á ti ki, á ti gan. Bí kò bá síná, sá a sóòrùn díẹ̀, kó o fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, torí eṣinṣin ò ní jẹ́ kó o mú un dé odò.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Àbúrò, ṣé o mọ fìlà wíìgì, èyí tó fẹ́lẹ́ tí àwa obìnrin ń dé sábẹ́ irun? Gé e kéékèèké, kó ẹ̀dọ̀ sí i, fi òwú ìránṣọ so ẹnu ẹ̀ pa kó wá dà bí ìdì kékeré, kó o wá fi ìwọ̀ gún un kọjá. Ẹ̀jẹ̀ á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ àmọ́ ẹran ò ní lè já. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ yẹn náà á tọ́ ọ títí, wọn ò ní rí nǹkan kan mú. Èyí tó ti ya lọ́wọ́ ìyàwó ẹ ni kó o lò o, má lọ gé tuntun wọn, mi ò sí níbẹ̀ o 😂

Fíṣárí FUTA:
Mo fara mọ́ ti mama. Ti iyọ̀ náà dáa, ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ jù, òórùn á lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé òórùn yẹn gan-an làrọ̀ ń wá. Irun ẹnu ẹ̀ mẹ́jọ yẹn, òun ló fi ń tọ́ nǹkan wò nísàlẹ̀ odò, kódà nínú omi tó dàrú tàbí lóru tí ò rí nǹkan kan, á wá ìjẹ rí. Ìyẹn ni pé tí ẹ̀dọ̀ bá ti funfun, tí omi ti fọ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ tán, kó o yáa pààrọ̀ ẹ̀, bó tiẹ̀ ṣì wà lórí ìwọ̀, kò wúlò mọ́.

Nǹkan míì ni bó o ṣe ń jù ú. Má na ọ̀pá ẹ wá látẹ̀yìn bí ẹni fẹ́ na ewúrẹ́, fì í láti ìsàlẹ̀ wẹ́rẹ́, kí òjé tó wà lára okùn gbé e lọ. Má sì jù ú sáàárín ibi tómi ti ń sáré, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò igi tómi ti rọra ń yí ni kó o wá.

Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀:
Háà, ẹ ṣé gan-an o. Fìlà wíìgì, ta ló máa ronú kan ìyẹn! Ẹ̀gbọ́n FUTA, ṣé tí mo bá so ó báyẹn ẹnu ìwọ̀ ò ní pamọ́ sínú ẹ̀?

Fíṣárí FUTA:
Á pamọ́ tó o bá jẹ́ kó bò ó. Jẹ́ kẹ́nu ìwọ̀ yọ síta gbangba, àrọ̀ ò ní bìkítà, bó ṣe gbọ́ òórùn báyìí, ó ń gbé e mì nìyẹn.

Ayọ̀_Akúrẹ́:
Èmi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú lórí ẹ̀dọ̀. Ìfun adìyẹ ńkọ́? Ó yi, ó ń rùn, tó o bá gún un léraléra bí ẹni ń ránṣọ, ẹja á já a tì. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ l'Ọ́jà Ọba, dídà ni wọ́n ń dà á nù, tó o bá bẹ̀ wọ́n dáadáa wọn ò ní gbowó. Má kàn fi lọ pẹja nínú odò Àlà níbi tó gba àárín ìlú Àkúrẹ́ kọjá, pàǹtí tí wọ́n ń dà síbẹ̀ ti pọ̀ jù, èmi ò lè jẹ ẹja ibẹ̀.

Bàbá Oníwọ̀ọ̀:
Ìfun náà dáa, kò burú. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé tó bá jẹ́ òjìjí, ẹja tó ń gbọ̀n èèyàn bí iná mànàmáná, ló gbé e, tó o rí i tó sanra bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, tí kò ní lẹbẹ ńlá lórí ẹ̀yìn, má fọwọ́ bà á o! Gé okùn, tàbí kó o fi igi gbígbẹ yọ ọ́. Èyí tó bá gbọ̀n ẹ́ á jẹ́ kó o ju ọ̀pá tòun ti fìlà wíìgì sódò.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
😂😂 Tó o bá wá rí àrọ̀ ńlá pa, ibi mò ń tajà sí kò jìnnà, mo ń rà á lọ́wọ́ yín o.