Bíbélì tí fádà fi ẹnu kò

Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni mí, Àgùdà ni ọkọ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, fádà fín tùràrí sí Ìwé Ìhìnrere, ó kà á tán, ó fi ẹnu kò ó. Màmá mi gún mi nígùn-únpá: “Ṣé ìwé ti di òrìṣà ni?” Kí ni kí n sọ fún wọn?

— Kristi tó ń sọ̀rọ̀ nínú Ìhìnrere là ń bu ọlá fún, kì í ṣe bébà.

— Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún Bíbélì, kó kà á! Ìwé 73 ló wà nínú tẹ̀yin Àgùdà, 66 nínú tiwa. Mélòó lẹ ti kà?

— Ẹ bi màmá léèrè: Bíbélì abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ jòjòló ńkọ́, tí wọ́n ṣí sí Sáàmù 91? 😂

Mo bi wọ́n o. Wọ́n ní ìyẹn ń ṣọ́ ọmọ ni.