Ẹ̀yin tíṣà sáyẹ́ǹsì, kí lojú yín rí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ "ẹ jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é"?

Tíṣà Kékeré: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Wọ́n ti pe èmi náà fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní a ò ní máa da nóòtù kọ sójú bọ́ọ̀dù mọ́, pé ọmọ ló máa wádìí fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ rí, ṣé ó ṣe é lò ní kíláàsì gidi àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ìrẹsì wọn dùn.

Ìyá Físíìsì: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà o ò ní pa mí 😂 Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Bá a ṣe jókòó báyìí, ọkùnrin tó ń darí wa pín báátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, gúlóòbù kékeré kan àti wáyà ẹyọ kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, ó ní ká tan iná. Wáyà ẹyọ kan o! Ariwo sọ, "wáyà kejì dà, sà?" Bàbá kan tó máa tó fẹ̀yìn tì ní wọ́n ti fowó wáyà yòókù jẹun. Tẹ́ ẹ bá bi ọkùnrin yẹn ní ìbéèrè, "kí lẹ̀yin rò?" ló máa dá yín lóhùn. Ó pẹ́ gan-an kí tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì, tí ò ka físíìsì rárá, tó gbé ìdí gúlóòbù lé orí báátìrì, ó fi ẹnu wáyà kan kan ara gúlóòbù níbi tí wọ́n ti ń yí i wọlé yẹn, ó fi ẹnu kejì kan ìdí báátìrì. Iná tàn! Àṣé ojú méjì ni gúlóòbù ní, ọ̀kan nídìí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwa sì ti ń yà á sójú bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún bí òdo tí wọ́n fa àgbélébùú sí nínú.

Bàbá Kẹ́mísírì: Ẹ̀ ń gbádùn. Kíláàsì tèmi lé lọ́gọ́rin ọmọ, ìgbà wo la máa parí sílábọ́ọ̀sì? WAEC ò ní bi wọ́n pé "kí lẹ̀yin rò" o.

Ará Houston: Ẹ̀gbọ́n, gúrúùpù ni kẹ́ ẹ pín wọn sí. Níbí, modeling ni wọ́n ń pè é, Malcolm Wells tó jẹ́ tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì àti David Hestenes ti yunifásítì Arizona State ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á to gúlóòbù méjì tó jọra sórí ìlà kan, wọ́n á ní èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? Àwọn ọmọ á ní ti àkọ́kọ́, torí òun ló kọ́kọ́ jẹ nínú iná. Gúrúùpù kọ̀ọ̀kan á ya ohun tí wọ́n rò sórí bọ́ọ̀dù funfun, wọ́n á gbèjà ẹ̀ níwájú àwọn tó kù, kí wọ́n tó tàn án. Ọgbọọgba ló máa ń mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n á fi padà sídìí àwòrán wọn lọ tún un rò.

Bàbá Kẹ́mísírì: Bọ́ọ̀dù funfun kẹ̀? Níbi tí owó ṣọ́ọ̀kì ti ń jáde lápò mi.

Ìyá Físíìsì: Páálí àti èédú lèmi ń lò, sà.

Àṣàkẹ́: Irọ́ ni. Gúlóòbù pálọ̀ wa mọ́lẹ̀ ju ti kìṣínì lọ.

Ará Houston: Aǹtí mi, tinú ilé ò sí lórí ìlà kan náà, kálukú ló gba iná tiẹ̀, wọn ò sì jọra.

Akin T: Mo yọ gúlóòbù tọ́ọ̀ṣì mi báyìí, mo ṣe é bí Ìyá Físíìsì ṣe wí, kò tàn o!!!

Ìyá Físíìsì: LED nìyẹn, gúlóòbù ìgbàlódé, Akin. Èyí tó ń tàn funfun fẹ́ tó fólítì mẹ́ta, 1.5 ni báátìrì kan, tó o bá tún dojú ẹ̀ rú kò ní tàn. Lọ wá èyí àtijọ́, tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn.

Àgbà Ifẹ̀: Èdè lẹ ò mẹ́nu bà. Báwo lọmọ ṣe fẹ́ fi òyìnbó tí ò gbọ́ jiyàn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní praimárì ní Ifẹ̀ níbí ní 1970.

Àṣàkẹ́: Ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣe JAMB?

Àgbà Ifẹ̀: Ọmọ praimárì wo ló ń ṣe JAMB?

Ìyá Físíìsì: Mo ní kí tèmi máa fi Yorùbá jiyàn nínú gúrúùpù. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, VP, igbákejì ọ̀gá iléèwé wa, sáré wá yọjú lójú fèrèsé, ó rò pé ìjà ti dé. Ó wá ní nóòtù ọ̀sẹ̀ yìí dà? Wọ́n dá àwa lẹ́kọ̀ọ́, wọn ò dá àwọn tó ń yẹ̀ wá wò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni Tó Ń Wò Yín: Ìnsípẹ́kítọ̀ ni mí o, ẹ má bínú sí mi. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó fún wa, ibi tá a ti máa kọ iye nóòtù wà, kò síbi tá a lè kọ ọ́ sí pé àwọn ọmọ ń jiyàn.

Bàbá Kẹ́mísírì: Ọ̀gá, ẹ kúkú fa ìlà kan kún un fúnra yín.