Ẹ gbà mí o: ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn orúnkún ọmọ ń purọ́ mọ́ mi

Tíṣà Eré Iléṣà: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí níbí ní Iléṣà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bá ọ̀gá wa fà á kí àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara yéé jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n gbà, mo fi owó ara mi, ₦38,000, ra goniometer oníbátìrì tó ń kọ dígírì sójú, kí n lè mọ ibi tí oríkèé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ dé kí n tó yan eré fún un. Owó oṣù ò tíì wọlé nígbà yẹn o! Ọmọkùnrin kan wá wà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ ní orúnkún rẹ̀ tẹ̀ dé 95. Ọjọ́rú, 70. Ọjọ́ Ẹtì, 112. Ọ̀gá wa wo ìwé mi, wọ́n jù ú sórí tábìlì níwájú àwọn tíṣà tí mo jù lọ. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, tíṣà. Iṣẹ́ yín wú mi lórí. Ẹsẹ̀ ọmọ tèmi náà le, ọsibítù Wesley Guild la ti ń gbé e lọ fún físíò, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na oríkèé àti iṣan. Goniometer oníke ni tiwọn níbẹ̀, ó dà bíi rúlà méjì tí wọ́n kàn mọ́ra lórí. Kò lo bátìrì. Àǹtí yẹn á kọ́kọ́ fi ìka wá eegun títí á fi rí i.

Bọ̀dá Lagere: Kí lẹ ń náwó fún? Áàpù wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Físíò Ifẹ̀: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ṣé ọmọ náà dùbúlẹ̀ ni àbí ó jókòó? Ṣé orí ṣòkòtò lẹ gbé ẹ̀rọ lé? Ta ló ń tẹ ẹsẹ̀ náà, ẹ̀yin àbí òun? Ìyàtọ̀ dígírì 5, ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lè fà á. Tiyín lé ní 40. Bọ̀dá, bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sísàlẹ̀ ni fóònù fi ń mọ̀ pé òun dagun. Tí ọmọ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí ẹní, fóònù ò ní mọ̀.

Bọ̀dá Lagere: Mo fi wọn ìgbọ̀nwọ́ mi, ó pé.

Físíò Ifẹ̀: Torí ẹ jókòó ni. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ máa wọ́ ọwọ́ lórí ẹní, kí ẹ tún un wọ̀n.

Tíṣà Eré Iléṣà: Ẹ̀gbọ́n, mo kàwé iṣẹ́ yìí o. Orí ṣòkòtò ni, mi ò lè bọ́ ṣòkòtò ọmọ ní pápá. Ọjọ́rú, òun ló tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, mo bá a tì í torí ó ń lọ́ra. Ọ̀gá wa náà ló ń kán mi lójú.

Tíṣà Àgbà: Ní pápá kẹ̀? Níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹ wá yàrá kan, ẹ jẹ́ kó wọ ṣòkòtò péńpé, kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ èèyàn ni o!

Físíò Ifẹ̀: Iye tí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ dé yàtọ̀ sí iye tí wọ́n bá a tì í dé. Ẹ máa kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orúnkún tó dá ṣáṣá máa ń tẹ̀ dé nǹkan bí 135. Kí ló mú tirẹ̀ le?

Tíṣà Eré Iléṣà: Ó já bọ́ lórí àga. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n tú POP, símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò rò pé ìyẹn kan ẹ̀rọ.

Físíò Ifẹ̀: Háà! Ẹ má tì í mọ́ o, títí dókítà tó tú u yóò fi sọ ibi tó yẹ kó dé. Ẹsẹ̀ tó jáde nínú POP máa ń le, á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ yín lè má purọ́. Ṣé ó ké lọ́jọ́ Ẹtì?

Tíṣà Eré Iléṣà: Kò ké. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Ìyá Ìbejì: Tèmi náà kì í ké. Etí ìró mi ló máa ń dì mú.

Tíṣà Eré Iléṣà: Mo ti pe ìyá rẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la la jọ ń lọ síbi tí wọ́n ti tú u. Ẹ̀gbọ́n, ibo gan-an ni kí n máa gbé ẹ̀rọ náà lé?

Físíò Ifẹ̀: Eegun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún. Kí apá kan lára ẹ̀rọ kọjú sí eegun ìta ìbàdí, kí ìkejì kọjú sí eegun ìta kókósẹ̀. Ẹ fi báírò sàmì sí i. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ná.