Ta ló ti wà níbẹ̀ rí tí bíréèkì bàálù ológun já nílẹ̀?

Àgbà Mẹkáníìkì:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ọ̀rọ̀ bàálù bá ti délẹ̀, ti òkè ni gbogbo yín máa ń sọ. Èmi tí mo fi iṣẹ́ táyà àti páìpù jẹun lọ́dọ̀ ológun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Mi ò ní dárúkọ pápákọ̀ náà, mi ò sì ní dárúkọ ọ̀gá kankan.

C-130 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Hercules, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, alábẹ̀bẹ̀. Ó ti balẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìbalẹ̀, ó ń bọ̀ wá síbi tí a máa ń gbé e sí. Tańkà epo kan wà níbẹ̀, àwa náà dúró, wẹ́jì tí a fi ń dí táyà lọ́wọ́ wa. Ibi tó yẹ kó ti rọra, kò rọra. Mo wo abẹ́ ikùn rẹ̀ lápá òsì, mo rí òróró pupa tó ń tú jáde. Àyà mi já.

Ẹni tí kò bá mọ inú Hercules á rò pé bíréèkì nìkan ló lọ. Rárá o. Ẹ́ńjìnnì méjì apá òsì ló ń yí páńpù tó ń ti òróró lọ síbi ẹsẹ̀ bàálù, sí bíréèkì, àti sí táyà iwájú tí páílọ́ọ̀tì fi ń darí rẹ̀ nílẹ̀. Méjì apá ọ̀tún ní òróró tiwọn lọ́tọ̀, ti àwọn ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ lókè ni. Torí náà, bí páìpù ti òsì bá bẹ́, kò sí bíréèkì, kò sí ìdarí, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó lè tó tọ́ọ̀nù 70 bí ẹrù bá kún inú rẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín yẹn o.

Páílọ́ọ̀tì náà kì í ṣe ọmọdé. Ó fa abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí rífáàsì, kí afẹ́fẹ́ wọn lè máa ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Ariwo yẹn, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Iyanrìn bò wá, fìlà ọ̀gá mi fò lọ, a ò rí i mọ́ dòní. Àwọn tó wà níwájú ọkọ̀ ti yí bíréèkì sí ti pàjáwìrì, èyí tó ń gba òróró lọ́dọ̀ páńpù oníná tó wà lẹ́yìn, tí a tún fi ń ṣí ilẹ̀kùn ẹrù. Ó mú. Àmọ́ bíréèkì ti pàjáwìrì kò ní ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há, bí ẹsẹ̀ páílọ́ọ̀tì bá ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó ni. Táyà há, ó ń wọ́ nílẹ̀, èéfín gba ibẹ̀ kan. Ó dúró. Ibi tí imú rẹ̀ dúró sí tańkà epo yẹn kò dáa rárá.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Àwọn ọmọ wa gbé ẹ̀rọ ìpaná, wọ́n forí lé ẹ̀gbẹ́ táyà tààrà. Sájẹ́ǹtì wa figbe ta: "Ẹ̀yìn! Ẹ gba ẹ̀yìn! Ṣé orí yín pé ṣá?" Ẹ wò ó, bàálù lè ti dúró, ooru bíréèkì kò tíì dúró. Á máa ràn lọ sínú rímù, ó lè tó ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 kó tó gbóná dé góńgó. Bí rímù bá fọ́, ẹ̀gbẹ́ ni irin rẹ̀ ń fò sí, bí ọta ìbọn. Iwájú tàbí ẹ̀yìn táyà ló sàn. Ní ti Hercules, abẹ̀bẹ̀ tó ṣì ń yí ló wà níwájú, torí náà ẹ̀yìn ló kù.

A kó àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, a jìnnà sí i. Kò sẹ́ni tó da omi tútù sí i, torí rímù gbígbóná lè là. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ "fíííí". Ọmọ kan ki eré mọ́lẹ̀. Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Ìdérí kékeré kan wà lára rímù tí wọ́n fi irin tó ń tètè yọ́ ṣe. Bí ooru bá pọ̀ jù, òun á yọ́, afẹ́fẹ́ á sì jáde jẹ́jẹ́ dípò kí táyà bú gbàmù. Ohun tó ń ké nìyẹn.

Ṣọ́jà Àná:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ àná. Irú rẹ̀ ti bá mi nínú ọkọ̀ rí, kì í ṣe ti ẹ̀yin yẹn. Inú Hercules kò ní ohun tí èèyàn lè máa wò. Okùn pupa tí wọ́n hun ni àga rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni a jókòó sí, a kọjú síra, fèrèsé kéré bẹ́ẹ̀ ni wọn ò pọ̀. A ti balẹ̀, àwa kan ti tú bẹ́líìtì, ẹlòmíì ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Kí ni mo gbọ́? Gbùùù! Gbogbo wa wó lu ara wa. Kọ́púrà kan bẹ̀rẹ̀ Sáàmù ní Yorùbá, Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe àmín sí gbogbo ẹsẹ. Ẹni tó ń bójú tó ẹrù ń pariwo pé ká jókòó. Ilẹ̀ la wà, ibo la tún fẹ́ jókòó sí?

Màmá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ yẹn, torí Èjìgbò. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992 á rántí: C-130 gbéra n'Íkẹjà, ẹ́ńjìnnì daṣẹ́ sílẹ̀, ó já sínú irà ní Èjìgbò. Àwọn tó kú lé ní 150, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ni ọ̀pọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé ti bíréèkì kọ́. Ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún màmá mi.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ta:
Ẹ má bínú o, danfo ni mo mọ̀. Kí ló dé tí wọn ò fa hándíbíréèkì?

Àgbà Mẹkáníìkì:
Àbúrò, ìbéèrè gidi ni. Hándíbíréèkì tiyín ní wáyà tirẹ̀. Ti bàálù yìí, ẹsẹ̀ náà lo máa fi tẹ bíréèkì, kó o tó wá fa ohun tó máa há a mọ́bẹ̀. Òróró kan náà ni. Bí òróró bá ti lọ, kí lo fẹ́ há? Bí bíréèkì bá sì ti gbóná, a kì í há a rárá, táyà iwájú la máa ń fi wẹ́jì sí.

Ìyá Ìbejì, Amẹ́ríkà:
Ẹ kú ìtàn o, bàbá. Ọ̀dọ̀ ológun òfuurufú níbí ni mo ti ṣiṣẹ́, epo là ń fà fún bàálù. C-17, bàálù akẹ́rù ológun níbí, fi gbọ̀ọ̀rọ̀ ju Hercules lọ: táyà 14, méjì níwájú, 12 lábẹ́ ikùn. Kábọ́ọ̀nù ni bíréèkì rẹ̀, ó ń gba ooru ju irin lọ, àmọ́ ó ń gbóná náà. Lọ́jọ́ kan, páílọ́ọ̀tì ké sórí rédíò pé bíréèkì òun ti gbóná jù. Wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ wa. Ibì kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n darí rẹ̀ sí, panápaná dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n lé gbogbo wa kúrò. Ọ̀gá kan tó ní ká tètè lọ fa epo sí i, wọ́n ní kó lọ jókòó. Ẹni tó kéré sí i ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un o! Ó sì lọ jókòó. Yàtọ̀ sí pé ìrẹsì mi tutù, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tíṣà Àgbà:
Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ológun, àmọ́ ọ̀rọ̀ táyà àti ooru ni. Sókótó ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 1991, bàálù DC-8 tí ilé iṣẹ́ Kánádà kan ni ń kó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà bọ̀ láti Jeddah. Afẹ́fẹ́ inú táyà méjì kò tó. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀. Wọ́n wá náítírójìn, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú táyà bàálù, kò sí nítòsí, wọn ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Bó ṣe ń sáré láti gbéra, táyà kan lọ, ìkejì tẹ̀ lé e, rímù ń ha ilẹ̀, iná sọ. Wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ikùn pẹ̀lú iná. Èèyàn 261 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kankan ò yè. Ládùúgbò mi, wọ́n ti ra àgbò de àwọn tó ń bọ̀.

Àgbà Mẹkáníìkì:
Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Tíṣà, "wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́" yẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Nígbà tí a tú tiwa, ohun tí a rí ni irin kékeré tó yẹ kó di páìpù mú, kò sí níbẹ̀. Páìpù ń ha ara irin, ó ń ha á, títí ó fi lu. Ìwé sì sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. A pààrọ̀ páìpù, a pààrọ̀ táyà ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a yọ afẹ́fẹ́ inú òróró. Páílọ́ọ̀tì yẹn fúnra rẹ̀ wá, ó ní ká fún òun ní páìpù àlòkù náà, òun á máa fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, ibo ni wọ́n máa ń lé èèyàn dé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Amẹ́ríkà:
300 ẹsẹ̀ bàtà, bàbá.

Àgbà Mẹkáníìkì:
Tiwa, ibi tí ẹsẹ̀ kálukú bá gbé e dé ni.